Bíbélì kíkà ojoojúmọ́ tó ń múra wa sílẹ̀ fún ìsìn Sọ́ńdè: kíkà ẹ̀ dáa gan-an, àṣàrò ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí kí n tó máa ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní kà á dópin. Ètò Bíbélì kíkà yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Revised Common Lectionary Daily Readings, ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sọ ìdí tí mo fi yọ ààbọ̀ yẹn tó bá yá. Àwọn àṣàrò tí àwọn èèyàn máa ń kọ tẹ̀ lé e, tó máa ń já wọ orí fóònù láàárọ̀, ìyẹn gba méjì àtààbọ̀, ojú àánú ni mo sì fi wò ó o. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àwọn tó máa ń sọ pé àwọn gbìyànjú ẹ̀ tí kò bá àwọn lára mu, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n dáadáa, ẹ máa rí i pé àṣàrò ló sú wọn, kì í ṣe Bíbélì tó wà níbẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, bó ṣe rí rèé. Ọ̀pọ̀ ìjọ lágbàáyé ló ń ka ibì kan náà nínú Bíbélì ní Sọ́ńdè kan náà. Ẹ̀kọ́ kìíní sábà máa ń wá látinú Májẹ̀mú Láéláé, Sáàmù á tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ kejì látinú lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì, Ìhìnrere á wá kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ló fi ń yí po. Mátíù ló ni Ọdún A, Máàkù ló ni B, Lúùkù ló ni C. Jòhánù ò ní ọdún tiẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fi í há àárín àwọn tó kù, pàápàá ní Lẹ́ńtì, ìyẹn àkókò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àti lẹ́yìn Àjíǹde, àti Sọ́ńdè márùn-ún gbáko tí wọ́n máa ń lò lórí Jòhánù 6 nínú Ọdún B, tó jẹ́ pé tó bá fi máa di ẹ̀kẹrin, pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó tún fẹ́ sọ nípa búrẹ́dì mọ́. Ìjọ Kátólíìkì ló gbé irú ètò ọlọ́dún mẹ́ta yìí jáde ní 1969, àwọn ìjọ tó kù wò ó pé nǹkan gidi ni, wọ́n ṣe tiwọn láti fi dán an wò ní 1983, wọ́n wá tún un ṣe ní 1992. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ti Sọ́ńdè ni. Ti ojoojúmọ́ ò jáde àfi ní 2005, ìgbìmọ̀ kan náà tó ṣe ti 1992, Consultation on Common Texts, ló sì ṣe é.

Ibi tí ọgbọ́n wà rèé o. Ọjọ́bọ̀, Fúráìdè àti Sátidé ń múra ẹ sílẹ̀ de Sọ́ńdè tó ń bọ̀, Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Ọjọ́rú ń bojú wẹ̀yìn wo Sọ́ńdè tó kọjá. Sáàmù kan àti kíkà méjì lójúmọ́, ó parí. Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ètò Bíbélì kíkà tí à ń rí, January 1 wọ́n á ní kó o bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́sísì 1, wàá máa sáré bọ̀ títí wàá fi dé Léfítíkù níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dákú, kò sì sí ohun tó kan Sọ́ńdè nínú ẹ̀ rárá, o ń ka tìẹ lọ́tọ̀, wọ́n ń wàásù tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tí àwọn Kátólíìkì ń lò fún Máàsì àárín ọ̀sẹ̀ náà, ètò gidi ni, ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ àsìkò tí kì í ṣe Lẹ́ńtì, Ádífẹ́ńtì (àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì) tàbí àkókò Kérésì àti Àjíǹde, ọ̀nà tiẹ̀ ló ń lọ, ẹ̀kọ́ kìíní ẹ̀ ń fi ọdún méjì yí po láìdúró de Sọ́ńdè. Nínú èyí tí mò ń sọ yìí, Sọ́ńdè lòpó, ara ẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ tó kù fara tì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀sẹ̀ kan ká tú u palẹ̀. Sọ́ńdè kẹta nínú Lẹ́ńtì, Ọdún A. Ìhìnrere ọjọ́ yẹn ni ti obìnrin ará Samáríà tó bá Jésù pàdé létí kànga, Jòhánù 4 láti ẹsẹ 5 títí dé 42. Ẹsẹ 38 nìyẹn! Tí ẹ bá gbọ́ ọ láìmúra sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó ra oúnjẹ dé, ọkàn yín ti jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa, kí ni ètò yìí fún wa kà ṣáájú?

Ọjọ́bọ̀, Sáàmù 95, Ẹ́kísódù 16:1-8, Kólósè 1:15-23. Sáàmù 95, gbogbo wa la mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orin ayọ̀ sí àpáta ìgbàlà wa, inú ẹ á máa dùn lọ títí wàá fi dé ẹsẹ 8 tí ohùn Sáàmù yẹn á yí padà bìrí, ó di ìkìlọ̀ pé ká má sé ọkàn wa le bíi ti àwọn baba ńlá ní Meriba. Meriba ibo? Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ìtàn Ẹ́kísódù tí wọ́n fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ebi ni, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kùn pé ìkòkò ẹran Íjíbítì sàn ju aginjù lọ. Fúráìdè, ìtàn yẹn tẹ̀ síwájú, ẹyẹ àparò rọ̀, mánà rọ̀, àwọn kan tọ́jú ẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdin bò ó. Éfésù 2:11-16 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ ògiri tó pín àwọn Júù àti àwọn orílẹ̀-èdè tó kù níyà, pé Kristi ti wó o. O lè máa ronú pé kí ló kan mánà kan ògiri. Ní sùúrù ná. Sátidé, Ẹ́kísódù 16:27-35, àti Jòhánù 4:1-6. Ẹsẹ mẹ́fà péré! Jésù kúrò ní Jùdíà, ó gba Samáríà kọjá, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó síbi kànga Jékọ́bù, nǹkan bíi wákàtí kẹfà ọjọ́, ìyẹn ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí. Obìnrin náà ò tíì dé. Ẹni tó gé e síbẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe, mo júbà ẹ̀.

Sọ́ńdè wá dé. Ẹ̀kọ́ kìíní, Ẹ́kísódù 17:1-7, ebi ti lọ, òùngbẹ ló kù, Mósè lu àpáta, omi jáde, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Massa àti Meriba torí pé àwọn èèyàn ń bi í pé ṣé Olúwa wà láàárín àwọn ni àbí kò sí. Áà, Meriba ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ rèé! Sáàmù 95 yẹn náà ni wọ́n máa ń kọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ò ń bá a pàdé rèé. Ìhìnrere bẹ̀rẹ̀, obìnrin yẹn yọ, ẹsẹ 9 sọ pé àwọn Júù ò bá àwọn ará Samáríà da nǹkan pọ̀, ògiri Éfésù ti Fúráìdè ló dìde dúró síwájú ẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó tì ẹ́ ṣàlàyé o. Ńṣe ni wọ́n kàn to àwọn kíkà yẹn tẹ̀ léra wọn, ìyókù ń ṣẹlẹ̀ lórí àga tó o jókòó sí.

Ìdajì tó kẹ́yìn ló tiẹ̀ wù mí jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé òun ni àwọn èèyàn máa ń fò torí wọ́n rò pé tí Sọ́ńdè bá ti kọjá ó ti kọjá. Mọ́ńdè, Sáàmù 81 àti Jẹ́nẹ́sísì 24:1-27, ìránṣẹ́ Ábúráhámù dúró létí kànga, Rèbékà dé pẹ̀lú ìkòkò omi léjìká. Túsìdeè, Jẹ́nẹ́sísì 29:1-14, Jékọ́bù dé ibi kànga, oòrùn ṣì mú, Rákélì da àgùntàn dé, Jékọ́bù nìkan yí òkúta kúrò lórí kànga. Ìpàdé etí kànga méjì, ìgbéyàwó ló gbẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ wá padà sí Jòhánù 4, obìnrin tó ti ní ọkọ márùn-ún bá ọkùnrin àjèjì pàdé létí kànga Jékọ́bù lọ́sàn-án gangan, ó sì ń bi í pé ṣé ìwọ ju Jékọ́bù baba wa lọ ni! Ẹni tó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì 29 lánàá mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń tọ́ka sí. Ìwàásù lórí Jòhánù 4 tí mo ti gbọ́ kì í ṣe kékeré, èyí tó dárúkọ Rákélì nínú wọn ò tó nǹkan.

Ọjọ́ Túsìdeè yẹn náà ni 1 Kọ́ríńtì 10:1-4 ti sọ pé àpáta tí wọ́n mu omi ẹ̀, Kristi ni. Sáàmù 81 tí wọ́n fún wa fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn tún dárúkọ omi Meriba ní ẹsẹ 7, ó sì parí pẹ̀lú oyin látinú àpáta. Ọjọ́rú ni Jeremáyà 2:4-13, àwọn èèyàn tó kọ orísun omi ìyè sílẹ̀ tí wọ́n lọ ń gbẹ́ kòtò omi tó ti sán, tí ò lè gba omi dúró, lẹ́yìn náà Jòhánù 7 níbi tí Jésù ti dìde tó kígbe pé kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wá mu. Ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo èyí o, ẹ ò sì lò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lójúmọ́.

Èyí tí ò yé mi níbẹ̀ ni kíkà kejì ti Mọ́ńdè, 2 Jòhánù látòkè délẹ̀. Bóyá torí pé ó ń sọ̀rọ̀ rírìn nínú òtítọ́ ni, tí Jésù sì sọ fún obìnrin yẹn pé nínú ẹ̀mí àti òtítọ́ la ó máa sin Baba. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ó jọ pé wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fi lẹ́tà kékeré yẹn sí ni, wọ́n wá rí àyè Mọ́ńdè kan tó ṣófo.

Àwọn kan máa ń ráhùn pé Sáàmù kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, ó ń sú àwọn. Mi ò gbà. Ọjọ́ kìíní o kàn ń kà á ni, ọjọ́ kejì ojú ẹ á lọ síbi tí kò lọ lánàá, tó bá di ọjọ́ kẹta àwọn ẹsẹ kan á ti máa bá ẹ rìn láìwo ìwé. Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ lórin ní Sọ́ńdè, o ò ní máa wá ojú ewé káàkiri. Ẹ bá mi bi àwọn akọrin bóyá kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àṣàrò. Haa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Òǹkọ̀wé á fi ìtàn ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀ sọ nǹkan kan nínú mọ́tò, tàbí ajá ẹ̀ sá lọ, ó di ìpínrọ̀ kẹta kó tó rántí pé Bíbélì wà nílẹ̀, á yọ ẹsẹ kan ṣoṣo jáde, á fi ìbéèrè mẹ́ta àti àdúrà kúkúrú kádìí ẹ̀. Èyí tí mo rí gbà fún ọjọ́ mánà tó dìdin yẹn, ìwàásù lórí bí a ṣe ń tẹ fóònù jù ló jẹ́ láti òkè délẹ̀. Mánà o! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fo ibì kan ni.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n máa ń kánjú. Ní Ọjọ́bọ̀ tí kò tíì sí kànga, tí kò tíì sí obìnrin, wọ́n á ti sọ fún ẹ pé Jésù ni omi ìyè, pé ohun tí Sọ́ńdè máa kọ́ wa nìyẹn. Kí lo wá fẹ́ lọ gbọ́? Gbogbo ọgbọ́n tí ẹni tó gé Jòhánù 4 sí ẹsẹ 6 lò, wọ́n fi ìpínrọ̀ kan bà á jẹ́. Ohun tí ìmúrasílẹ̀ wà fún, lójú tèmi, ni kó o gbé ìbéèrè dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá jẹ́ ìdáhùn lo gbé débẹ̀, wàá kàn jókòó tí wàá máa gbọ́ bóyá pásítọ̀ gbà á bí o ṣe gbà á.

Àti ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn gan-an. Ó jọ pé gbogbo àṣàrò ló ti pinnu pé aṣẹ́wó ni, pé ìtìjú ló jẹ́ kó wá pọnmi lọ́sàn-án. Ẹ ka ibẹ̀ wò fúnra yín. Ó ti ní ọkọ márùn-ún, ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí kì í ṣe ọkọ ẹ̀, ibẹ̀ náà ló mọ. Ikú lè pa ọkọ, ọkọ sì lè kọ obìnrin sílẹ̀. Jésù ò bá a wí, kò sọ fún un pé má dẹ́ṣẹ̀ mọ́, obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ yí ọ̀rọ̀ sí ibi tó yẹ ká ti máa jọ́sìn, ó fi ìṣà omi ẹ̀ sílẹ̀ lọ pe gbogbo ìlú jáde, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ẹni tí ìlú ti kẹ́gàn, ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe tẹ̀ lé e wéréwéré? Àṣàrò tó bá ní kó o máa bi ara ẹ nírú ìbéèrè yìí ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wà, mi ò sọ pé kò sí. Èyí tó dáa nínú wọn máa ń sọ ibi tí ìlú wà, ẹni tí àwọn èèyàn yẹn jẹ́ síra wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kan ibi tí à ń kà, á béèrè ohun kan ṣoṣo, á panu mọ́. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ dì í mú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ka Bíbélì ná, ẹ pa fóònù tì díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ṣí àṣàrò tàbí kẹ́ ẹ máà ṣí i rárá.

Ààbọ̀ ìràwọ̀ tí mo yọ lára ètò fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn ẹsẹ tí wọ́n ń fò ni. Sáàmù 139, gbogbo ayé ló fẹ́ràn ẹ̀, o ti wádìí mi o sì ti mọ̀ mí. Ó fara hàn láwọn Sọ́ńdè bíi mélòó kan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ 1 sí 6 àti 13 sí 18, tàbí 1 sí 12 kí wọ́n tó fò lọ sí 23 àti 24. Ẹsẹ 19 sí 22, níbi tí onísáàmù ti ní kí Ọlọ́run pa àwọn ẹni ibi, tó ní òun kórìíra wọn ní àkótán, ẹ ò ní gbọ́ ọ ní Sọ́ńdè kankan. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì náà, Sáàmù 104:24-34 àti 35b ni, wọ́n yọ ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ 35 tó ní kí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ run kúrò láyé. Mo mọ ìdí ẹ̀, ó ṣòro láti ka ìyẹn sétí àwọn ọmọdé kéèyàn sì máa fi orin bọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ẹni tó sọ pé "wádìí mi, Ọlọ́run" ní ẹsẹ 23, ẹ̀yìn ìbínú ẹ̀ ló sọ ọ́, tí ẹ bá yọ ìbínú yẹn, ẹ ò mọ ohun tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó wádìí. Nílé, ẹ kà á tán. Kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, a àti b tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn nọ́ńbà ẹsẹ, ìdajì àkọ́kọ́ àti ìdajì kejì ẹsẹ yẹn ni. Lúùkù 15:1-3, 11b-32, ó túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ ka 1 sí 3, kẹ́ ẹ fo ọ̀rọ̀ àgùntàn àti ti owó tó sọnù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹsẹ 11. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo àtẹ yẹn, ilé ìkàwé Vanderbilt University ní Amẹ́ríkà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, áàpù oríṣiríṣi náà sì ní i. Tẹ́ ẹ bá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ má padà lọ kó o, ẹ gbéra níbi tí ọjọ́ bá yín. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa rí kà nínú ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Sátidé. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìsìn, má tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, gbà á, ó kéré tán àwọn orúkọ Májẹ̀mú Láéláé yẹn ò ní máa gbé ẹ lọ́fun ní iwájú ìjọ.

Nǹkan méjì ló máa dà yín láàmú. Èkíní, láti Pẹ́ńtíkọ́sì títí dé Ádífẹ́ńtì, ẹ̀kọ́ kejì ti Sọ́ńdè kì í sábà bá Ìhìnrere tan, ńṣe ni wọ́n kàn ń ka lẹ́tà kan lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, torí náà ẹ má fi agbára wá ìbátan tí kò sí. Èkejì, ní àsìkò yẹn kan náà, ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ kìíní ń gbà, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ìtàn Májẹ̀mú Láéláé bó ṣe ń lọ, bíi Ọdún A tó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, èkejì ń bá Ìhìnrere rìn. Kíkà ojoojúmọ́ náà pín sí méjì bẹ́ẹ̀. Tí ìjọ yín bá ń lo ọ̀kan tí ẹ̀yin wá ń ka èkejì nílé, Sọ́ńdè ò ní bá ohun tẹ́ ẹ kà mu, ẹ máa wá sọ pé ètò yẹn ò wúlò. Ẹ bi pásítọ̀ yín kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé, èyí wo là ń lò. Tó bá sì jẹ́ pé ìjọ yín ò lo àtẹ yìí rárá, tó jẹ́ pásítọ̀ ló ń mú ibi tó bá wù ú láti wàásù lé lórí, ẹ ní kó máa fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Ọjọ́bọ̀, torí èyí tí mo yìn yìí ò ní ṣe yín lóore kankan.